J. F. Ọdúnjọ: Ìtàn Àròsọ Ọmọdé láti Ọwọ́ Àgbà

Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ Olóyè Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ mu. Ní ọdún 1964 tí ìwé ìtàn rẹ̀ Kúyẹ̀ jáde, ó ti di ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọdún 1904. Ó ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Augustine ti ìjọ Àgùdà níbẹ̀, kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó ṣe aṣíwájú fún àwọn olùkọ́ ìjọ Àgùdà, ó sì di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1952. Síbẹ̀, Aláwìyé, ìwé tí ó fi kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà, ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tí ó bá ka Aláwìyé tán ńkọ́? Kí ni yóò tún kà? Ọ̀rọ̀ yìí di ńlá nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń ka ìwé D. O. Fágúnwà láti ọdún 1938, ṣùgbọ́n ìrìnàjò ọdẹ tí ó ti dàgbà ni ìwé àkọ́kọ́ náà dá lé. I. O. Délànọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn tí a bí ní ọdún 1904 kan náà, pẹ́ kí ó tó kọ ìtàn àròsọ: Aiyé d'Aiyé Òyìnbó jáde ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni ó sọ níbẹ̀, bí ìjọba òyìnbó ṣe yí ayé padà.

Ọmọdé gan-an ni Ọdúnjọ fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Kúyẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn, ó dití, ó sì yadi. Ìyà jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tọ́ ọ. Ọmọ Òkú Ọ̀run, tí ó jáde ní ọdún 1964 bákan náà, tún dá lórí ọmọ tí kò ní alátìlẹ́yìn. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ẹni tí ó kọ Aláwìyé, ìwé tí ó ń la ọmọdé lóhùn, ni ó wá kọ ìtàn ọmọ tí kò lóhùn rárá. Ẹni tí ó ti pẹ́ níwájú ọmọdé kò lè ṣàìmọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó lè sọ ohun tí ń dùn ún.

Nítorí náà, a kò lè pe pípẹ́ Ọdúnjọ ní àṣìṣe. Ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn òǹkàwé ní ìwé kíkà ná, lẹ́yìn náà ni ó fún wọn ní ìtàn. Ó dágbére fáyé ní ọdún 1980. Olùkọ́ tí ó bá ń fi Kúyẹ̀ kọ́ ọmọ, kí ó má ṣe dúró lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan. Kí ó tún wo ọmọ tí ó dákẹ́ sí ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀.