Ẹ̀KỌ́ ÀTI ÈDÌDÌ: BÍ A TI Ń ṢÍ ÌLẸ̀KÙN ILÉ Ẹ̀KỌ́ GÍGA

Ní ọdún 1827 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, Àjàyí Crowther sì wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn Ìjọ mọ èyí. Ohun tí a kì í sábà rò ni pé títí di ọdún 1876, nígbà tí a so ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́ Yunifásítì Durham, kò sí ẹni tí ó lè ti ibẹ̀ gba oyè yunifásítì. Ẹ̀kọ́ wà, èdìdì kò sí. Ọ̀rọ̀ nǹkan méjì wọ̀nyí ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé àwọn tí ń ṣí ìlẹ̀kùn fún tálákà kì í sábà ṣí méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ohun tí Yunifásítì London ṣe ní 1858. Ó gba àṣẹ pé ọkùnrin tí ó bá ti múra tán, níbi yòówù kí ó ti kẹ́kọ̀ọ́, lè wá ṣe ìdánwò òun. Bí ó bá yege, oyè di tirẹ̀. (Àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn títí di 1878.) Ní 1865 ìdánwò náà ti dé erékùṣù Mauritius. Ṣùgbọ́n London kò kọ́ àwọn ará ọ̀nà jíjìn ní ohunkóhun. Èdìdì nìkan ni ó nà sí wọn. Kí olúkúlùkù lọ wá ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń fi ìwé ránṣẹ́ nínú lẹ́tà, bí Wolsey Hall ti Oxford tí a dá sílẹ̀ ní 1894, ni ó dí àlàfo náà, owó ni wọ́n sì ń gbà.

Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà. Ọmọdé ni ó wà nígbà tí baba rẹ̀ kú, owó ilé ìwé sì di ìṣòro. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ra kòkó, ó tà á, ó sì jẹ gbèsè. Ní 1944 ó gba oyè B.Com. ti London nígbà tí kò tí ì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A mọ orúkọ rẹ̀ nítorí pé ó yege. Àwọn mìíràn tí wọ́n jókòó ti fìtílà lóru bí tirẹ̀, tí ìdánwò sì borí wọn, kò sí ẹni tí ó pa orúkọ wọn mọ́.

Ìgbà tí ó di oṣù Kẹrin ọdún 2001 ni ọ̀ràn yí padà. Ilé ẹ̀kọ́ M.I.T. ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò gbé ìwé ẹ̀kọ́ òun sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. 50 ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ jáde ní 2002. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní oyè. London fúnni ní èdìdì láìsí ẹ̀kọ́, M.I.T. fúnni ní ẹ̀kọ́ láìsí èdìdì. Ní 2011, nǹkan bí 160,000 ènìyàn forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan láti Stanford. Nǹkan bí 23,000 ni ó parí rẹ̀. Coursera àti edX tẹ̀ lé e ní 2012. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí ìwé ẹ̀rí. Àwa kò rí èyí bí ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá iṣẹ́ kò lè fi fídíò tí ó wò han agbanisíṣẹ́. A kò tilẹ̀ tí ì sọ ti owó dátà àti ti iná mànàmáná.

Ní ilẹ̀ wa, Yunifásítì Ṣíṣí ti Orílẹ̀-èdè ni a dá láti so méjèèjì pọ̀. Ààrẹ Shagari fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní 1983. Ní oṣù Kẹrin 1984 ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari tì í pa. Ọdún mẹ́tàdínlógún kọjá kí Ọbásanjọ́ tó jí i dìde ní 2001. Òun tìkára rẹ̀ wá di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ òfin ní yunifásítì kan náà gba oyè tán, Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin kò sì gbà wọ́n wọlé. Èdìdì wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò lè fi ṣe agbẹjọ́rò. Ọdún 2018 ni a tó tún òfin náà ṣe láti mú ìdènà yìí kúrò. Buhari kan náà, tí ó ti di Ààrẹ tí a dìbò yàn, ni ó fọwọ́ sí i.