Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Kò Ba Fọ́tò Mu

Bí ìnáwó bá wáyé ní ìlú Imini, ilẹ̀ kì í tíì ṣú tí fọ́tò rẹ̀ fi ń dé orí Facebook. Orúkọ onífọ́tò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti gé e dànù. Bí a bá sì fẹ́ sọ fún ẹni tó gé e pé ó rú òfin, "ẹ̀tọ́ àdàkọ" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ fi lé wa lọ́wọ́ fún copyright. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú.

N kò bá ọ̀rọ̀ bíi fọ́tò, íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ìkànnì jà. Fọ́tò ti di ọmọ ilé. Àdàkọ gan-an ni mo bá ní ẹjọ́. Ẹ tú u wò: kíkọ ló wà nídìí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yọjú wo ìwé ẹlòmíì nínú ìdánwò ló ń dà á kọ. Ta ní í kọ fọ́tò? Yíyà là ń yà á, gbígbé ni wọ́n sì ń gbé e. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀tọ́ ìdìbò ni ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ, kí ló fẹ́ rò ju pé wọ́n ti fún òun lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dà á kọ?

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí a wò, àwòrán. Ó ní fún ẹni tó wò ó, awòran. Àmì ohùn ló yà wọ́n. Onímọ̀ iṣẹ́ ọnà, Babatunde Lawal, ti tú àwòrán palẹ̀ dáadáa nínú ìwé ìròyìn Art Bulletin ní 2001, ó so ó mọ́ wíwò àti ìrántí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yà á kò sí nínú méjèèjì. Láti Imini dé Fìdítì, ará ọjà ti yanjú ìyẹn: onífọ́tò. Oní yẹn náà ló wà nínú onílé àti onílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé òfin kan náà ló bo orin àti ìwé, "ẹ̀tọ́ oníṣẹ́" ni mo fara mọ́ dípò "ẹ̀tọ́ onífọ́tò". Kò ní í dàrú mọ́ ti òṣìṣẹ́: òṣìṣẹ́ ń gbowó oṣù, oníṣẹ́ ló ni iṣẹ́.

Òfin ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ yìí ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023, fún fọ́tò ní ààbò ọdún 50 lẹ́yìn tó bá kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ fún onífọ́tò lè lò ó, kò kàn gbọdọ̀ fi ṣòwò.

Ó ku ohun tí onífọ́tò ń fún ẹlòmíì, irú èyí tí àjọ Creative Commons ti ń ṣètò láti 2002. Àwọn kan ń pè é ní "ìwé àṣẹ", bíi ti awakọ̀. Àṣẹ ti ọba àti ìjọba ni. Ìyọ̀ǹda ló tọ́: ẹni tó yọ̀ǹda iwájú ilé rẹ̀ kí wọ́n gbé kánópì síbẹ̀ kò tíì ta ilé. Kí onífọ́tò Imini kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀: "Mo yọ̀ǹda kí ẹ pín in. Ẹ má tà á, ẹ má sì yọ orúkọ mi kúrò."