Iye Tó Ṣeé Gbára Lé: Ìmọ̀ Kíkà Láti Oko Kajú Dé Yàrá Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Kíkà ni a fi ń mọ iye ohun tó ṣeé yà sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èèyàn, ẹran ọ̀sìn, hóró kajú, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tí a bá ti kà, kò tún sí iyèméjì nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ìwọ̀n kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú wọn, ìbéèrè mẹ́ta ni ẹni tó kà nǹkan gbọ́dọ̀ dáhùn: Kí ni a pè ní ẹyọ kan? Ṣé gbogbo rẹ̀ la kà, àbí díẹ̀ la mú wò? Báwo ni iye tí a rí ṣe lè jìnnà sí òótọ́ tó? Ní ilẹ̀ Òkun, ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kan owó àgbẹ̀, ìtọ́jú ọmọ àti ẹ̀tọ́ ìlú.

Kí ni ẹyọ kan?

Nígbà tí àwọn baba wa ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000), ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan (20,000). Ní ọdún 1887, Adolphus Mann kọ ọ́ sílẹ̀ pé márùn-ún márùn-ún ni àwọn tó ń ka owó máa ń fà á látinú òkìtì. Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì náà ní ọ̀kẹ́ tiwọn, wọ́n ń pè é ní mole. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, mole kan jẹ́ ẹyọ 6.02214076 × 10²³ gẹ́lẹ́.

Orúkọ ẹyọ lè tan èèyàn jẹ. Múdù mẹ́rin ni sàkátul-fitri ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n múdù ọjà òde òní tóbi ju múdù ìgbà Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), tí í ṣe ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Orúkọ kan náà ni, ẹyọ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Hóró kajú

Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn tó ń pèsè kajú jù ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń gbìn ín ní agbègbè Kàbà, Ìjùmú àti Ìyàgbà. Yàtọ̀ sí ìwúwo àpò, àwọn tó ń rà á fún títà sókè òkun máa ń ka iye hóró tó wà nínú kílò kan. Bí iye yẹn bá ṣe kéré tó ni hóró náà ṣe tóbi tó: kajú tí hóró rẹ̀ jẹ́ 180 ní kílò kan tóbi ju èyí tó jẹ́ 220 lọ.

Bí wọ́n ṣe mú èyí tí wọ́n kà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àpò bá ń mì nínú ọkọ̀, hóró kéékèèké máa ń jò lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá bù láti òkè nìkan yóò rí ńláńlá. Ẹni tó bá bù láti ìsàlẹ̀ nìkan yóò rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Ohun tó tọ́ ni kí a bù láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ àpò, kí a pò wọ́n pọ̀, kí a tó wọn kílò kan tí a ó kà.

Kòkòrò ibà

Kò sẹ́ni tó lè ka gbogbo kòkòrò ibà tó wà lára ọmọ. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí onímọ̀ máa ka kòkòrò pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá pé 200, tí kòkòrò sì ti tó 100, ó lè dúró. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, yóò kà á dé 500. Wọ́n sábà máa ń gbà pé sẹ́ẹ̀lì funfun 8,000 ló wà nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Nítorí náà, 100 × 8,000 ÷ 200 = 4,000.

Ṣùgbọ́n kòkòrò kì í tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí a bá ka 100, iyèméjì tó wà níbẹ̀ tó 10, nítorí pé 10 lọ́nà 10 ni 100. Èyí ni pé 4,000 yẹn lè jẹ́ 3,600, ó sì lè jẹ́ 4,400. Bí yàrá àyẹ̀wò mìíràn bá wá sọ pé 3,700, kò sí èké láàárín wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun ọmọ náà bá jẹ́ 5,000 dípò 8,000, iye tòótọ́ yóò jẹ́ 2,500. Òfin kan náà ni àwọn tó ń ka ìtànṣán ń tẹ̀ lé: bí wọ́n bá ka 10,000, iyèméjì jẹ́ 100, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ṣe kà tó ni iyèméjì ṣe ń dínkù.

Ìkànìyàn

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Nígbà tí ìkànìyàn dé ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, abẹ́ Kogí ni wọ́n ti ka àwọn ará Kàbà, kì í ṣe Kwara mọ́. Ní 2006, wọ́n ní èèyàn 3,314,043 ló wà ní Kogí, nínú 140,431,790 tó wà ní Nàìjíríà. Iye yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó ìjọba. Síbẹ̀, nínú ìkànìyàn èyíkéyìí, a lè fo ẹnì kan, a sì lè ka ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Ìkànìyàn 2006 kò béèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé inú rẹ̀ lòun ti rí iye Mùsùlùmí tàbí iye ọmọ Òkun, ohun tí wọn kò kà ló ń sọ. Ìjọba sún èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 síwájú.

Nígbà tí wọ́n bá gbé iye kan lé yín lọ́wọ́, ìbáà ṣe ti dókítà, ti oníṣòwò tàbí ti ìjọba, ẹ béèrè ohun tí wọ́n kà, ibi tí wọ́n ti mú un, àti bí ó ṣe lè yàtọ̀ tó bí wọ́n bá tún un kà.