Ọgbà Ẹranko Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé
Ọgbà yìí, tí ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, jẹ́ ọ̀dàn òun àpáta tí ó fẹ̀ ju 2,500 kìlómítà níbùú lóòró lọ ní àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú tí ìtàn sọ pé Ọ̀rànmíyàn, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, tẹ̀ dó, tí ogun sì tú ká ní nǹkan bí 1837. Níbi tí koríko ti bo ipa ọ̀nà mọ́lẹ̀, tí àpáta kan sì jọ èkejì, kí arìnrìn-àjò má ṣe dá rìn, nítorí àjèjì lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kí ó tẹ̀lé ẹ̀ṣọ́ ọgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì gbé omi dání.