Ọkọ̀ Ìjàpá Tí Kò Bẹ̀rù Ẹrẹ̀ Ayọ̀bọ̀

 

Àríyànjiyàn ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ìpàdé tí a ṣe gbẹ̀yìn, ẹnì kan sọ pé Ìjàpá olùkọ́ Físíìsì wa ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wọn ní Ayọ̀bọ̀, àti pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá ná an lẹ́ẹ̀mejì. Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn. Àwọn kan ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe mọ́tò náà. Àwọn kan ní Brazil ni. Ẹnì kan ní irọ́ ni, Ọ̀jọ́ níbí ni. Ẹlòmíì wá ní, "Ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí bàbá tà á, jàre." Nítorí pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Pólì, èmi ni wọ́n ní kí n lọ wádìí wá. Èsì tí mo mú bọ̀ rèé. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé mi ò fara mọ́ ẹni tó ní kí wọ́n tà á.

BÍ ÌJÀPÁ ṢE DÁYÉ

Jámánì ni wọ́n ti bí i. Ferdinand Porsche ló ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Hitler ń ṣèjọba, tó ní òun fẹ́ mọ́tò tí apá mẹ̀kúnnù yóò ká. Ohun tí Volkswagen túmọ̀ sí náà nìyẹn: ọkọ̀ aráàlú. Àmọ́ ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, àwọn aráàlú tó ti ń dáwó díẹ̀díẹ̀ kò rí mọ́tò gbà. Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Méjọ̀ Ivan Hirst, jí ilé-iṣẹ́ tó wà ní Wolfsburg dìde. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti tàn káyé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1972, èyí tó pé 15,007,034 jáde, ó sì fi ọ̀kan kọjá iye Model T tí Ford ti ṣe láyé.

Àwọn òyìnbó ń fi kòkòrò pè é. Àwa wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo bí igbá ẹ̀yìn ahun, a sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

ÌJÀPÁ DÉ Ọ̀JỌ́

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú títì Badagry, ní Ọ̀jọ́. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti Ìpájà gba Ìgándò, tó gba iwájú LASU já sí Ìyànà-Ìbá, ó ti dé ojú títì yẹn. Di òní, búsítọ́ọ̀pù kan ṣì ń jẹ́ Volkswagen níbẹ̀. Ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n ń kó wọlé látòkè òkun, Brazil sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó o wá. Àwọn ọmọ wa á wá tò ó pọ̀. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn tó ń jiyàn? Kódà, mọ́tò kan wà tí wọ́n ń pè ní Brasília ní Brazil, ọmọ ìyá Ìjàpá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, Igala ló ń jẹ́, orúkọ ẹ̀yà kan nílẹ̀ wa.

Àsìkò Údójì ni. Ìjọba ti fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ra alùpùpù, ẹni tó ní alùpùpù ń wo mọ́tò. Ọ̀gá ń gun Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975 kan náà; tísà àti nọ́ọ̀sì ń gun Ìjàpá. Nígbà tí mo lọ kí olùkọ́ wa, wọ́n ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan tó fẹ̀yìn tì làwọn ti ra tiwọn, Ọ̀jọ́ ni wọ́n sì ti tò ó.

ÌDÁN INÚ RẸ̀

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n kó wa jáde sẹ́bàá pápá láti kọ́ wa nípa ooru? Wọ́n ní kí a ṣí búùtù. A ṣí i, ẹ́ńjìnnì la bá níbẹ̀! Wọ́n ní kí a wá rédíétọ̀. A wá a tì. Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún wa pé afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára, kò ní omi tí yóò hó. Iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí. Ibẹ̀ náà ni sípíà táyà wà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló sì ń ti omi tó ń fọ gíláàsì iwájú. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Bí ẹni tó sanra bá jókòó lé e, tí irin ìjókòó sì kan orí bátìrì, iná lè sọ. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíáàsì, mẹkáníìkì méjì á sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ kí iṣu tó jinná.

Nítorí pé ẹ́ńjìnnì tẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn, tó sì jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń ti mọ́tò lọ, táyà náà máa ń di ilẹ̀ mú. Abẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa yọ́ lórí ẹrẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá mọ Ayọ̀bọ̀ nígbà òjò ayé ìgbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ.

ÒWÚRỌ̀ ÌDÁNWÒ

Lọ́dún 2004, òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe ìdánwò Físíìsì, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ojú ọ̀nà di odò. Àwọn dánfó ní àwọn ò lọ. Èmi àti àwọn mẹ́rin dúró, bàtà lọ́wọ́, ẹkún lójú. A kàn gbọ́ ohùn kan tó ń dún tó-tó-tó bọ̀. Ìjàpá ni. Wọ́n kó àwa márààrún sínú rẹ̀, wọ́n gbé wa dé ilé ìwé, wọ́n sì tún padà lọ kó àwọn mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bọ̀. Kò sẹ́ni tí ìdánwò náà fo nínú kíláàsì wa.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ wàyí. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹnì kan ti fi ìka kọ "E TA MI" sára eruku ẹ̀yìn mọ́tò yẹn, gbogbo ilé ìwé sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni. Olùkọ́ wa kà á, wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì sí i. Ṣé kí a tà á ni, àbí kí a ta á nípàá?" Ẹ dárí jì mí, sà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún jáde lẹ́nu wa nípàdé, lẹ́yìn ogún ọdún. Ó dùn mí.

BÍ Ó ṢE LỌ

Nígbà tí SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, owó ẹ̀yà ara mọ́tò látòkè òkun wọ́n gógó. Mọ́tò tòkunbọ̀ gba ojú títì. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, ariwo iṣẹ́ ti dákẹ́ ní Ọ̀jọ́. Mexico ni Ìjàpá ìkẹyìn láyé ti jáde, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe 21,529,464. Ní ọdún kejì tó gbé wa la ẹrẹ̀ kọjá, kò sí ilé-iṣẹ́ tó tún ń ṣe é mọ́.

Ẹ jẹ́ ká yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń pariwo. Mọ́tò eré sísá tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀ ni Corvette, tí Chevrolet gbé jáde ní 1953. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ilé tí wọ́n ń kó wọn jọ sí ní Bowling Green, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2014, ilẹ̀ là nínú ilé náà, ihò gbé Corvette mẹ́jọ mì. Wọ́n fa gbogbo wọn jáde. Wọ́n tún mẹ́ta ṣe, wọ́n sì fi márùn-ún tó fọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí aráyé máa wò wọ́n. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni kó wá wọn irin.

Ẹ má sì sọ pé àwọn òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Lọ́dún 2014 yẹn náà, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, Ilé-Ifẹ̀, sọ Ìjàpá kan di ọkọ̀ tí oòrùn àti atẹ́gùn ń gbé rìn. Ó gbé sólà sórí rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ tí atẹ́gùn ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bátìrì sì ń gbé e lọ.

Mo bi olùkọ́ wa pé kí ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní tí ilé ìwé bá lè gbà á, àwọn ò ní gba kọ́bọ̀, kí àwọn ọmọ sáà máa ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n rí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ́ àtíbàbà kan sẹ́bàá pápá, kí mẹkáníìkì tó wà láàárín wa gba iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí rewire gba ti iná, kí àwa yòókù dáwó páànù àti ọ̀dà. Ohun a ní là á náání.

Bí a bá sì ti kùn ún tán, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ mi kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, màá fi àmì sí i: Ẹ ṣé, sà.