Iyanrìn Wo Ni Ká Dà Sísàlẹ̀ Omi?

Iyùn tí ọba ń kó sọ́rùn, tí ìyàwó tuntun fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, egungun ẹranko inú òkun ni. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkúta lásán la pè é. Ẹranko kékeré tí kò ní ojú, tí kò ní ẹsẹ̀ ló kọ́ ọ bí ìgbà tí ìgbín ń kọ́ ìkarahun. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé inú òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń pọ̀ lọ bẹẹrẹ lójú kan, tí ilé àwọn tó ti kú á di ìpìlẹ̀ fún àwọn tó wà láàyè, títí òkìtì náà á fi tóbi ju ìlú lọ. Inú òkìtì iyùn báyìí ni ẹja aláràbarà ń gbé.

Àwọn èèyàn wà ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Éṣíà tó ń sin iyùn ààyè yìí sínú àpótí gíláàsì nínú pálọ̀ wọn. Iṣẹ́ tó gba owó ni, ó gba sùúrù. Ó sì lè ti pẹ́ ọdún mẹ́wàá tó ti ń dára bọ̀, kí iná lọ lóru ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ya wèrè. Ẹja kan á kú, òkú rẹ̀ á sọ omi di májèlé, májèlé á pa èkejì, èkejì á pa ẹ̀kẹta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti funfun bí omidùn ògì, òórùn ti gba ilé kan. Nígbà tí olóhun bá sunkún tán, tó ní òun á tún un bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ dojú kọ ọ́: kí ni kí n dà sísàlẹ̀ rẹ̀? Ṣé iyanrìn àtijọ́ ni kí n fọ̀? Ṣé tuntun ni kí n rà? Àbí kí n má tilẹ̀ da ohunkóhun sí i?

Ìbéèrè náà kéré létí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ iyanrìn yìí. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ láti gbòǹgbò wá.

Ìyá tó ń da omi lójú fèrèsé

Ní 1846, ìyáàfin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Anna Thynne, rí iyùn ààyè létí òkun ní Torquay, ó sì gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù nínú ìkòkò. Ìyáàfin yìí kò da iyanrìn kankan. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi rán iyùn náà mọ́ kànrìnkàn kó má baà máa yí kiri. Nígbà tí kò rí omi òkun tuntun pààrọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń da omi náà láti inú ohun èlò kan sí èkejì lójú fèrèsé, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó kó ewé òkun sí i. Iyùn náà yè, ó sì bímọ. Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ná! Pọ́ǹpù iná mànàmáná ló ń ṣe é lóde òní.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Robert Warington, ọ̀gá nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹja wúrà méjì, ewé omi, iyanrìn, ẹrẹ̀ àti òkúta sínú gíláàsì kan. Ewé tó kú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi ń dọ̀tí. Ó wá kó ìgbín omi sí i, àwọn ìgbín jẹ ewé jíjẹrà náà, omi sì mọ́. Ní 1850 ó ròyìn rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì: ewé ń fún ẹja ní ọ́síjìn, ìgbín ń gbálẹ̀, ilé tòrò. Lẹ́yìn náà ó dán an wò pẹ̀lú omi òkun. Ní 1853 wọ́n ṣí ilé ẹja fún aráàlú nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di 1854, Philip Henry Gosse kọ ìwé lé e lórí. Ni gbogbo ọlọ́lá bá ń ra àpótí gíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú àpótí wọ̀nyẹn ló rà, tí wọ́n dà á nù, àṣà náà sì rọlẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1860.

Kí ni wọn kò mọ̀? Wọ́n ka ewé, wọ́n ka ẹja, wọ́n ka ìgbín. Ẹnikẹ́ni kò ka iyanrìn mọ́ wọn. Lójú wọn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán ni, ohun tí ewé fi ń ta gbòǹgbò.

Ọ̀pá gíláàsì tó tú àṣírí

Ọdún 1877 ni àṣírí tú, kì í sì í ṣe ẹlẹ́ja ló tú u. Àwọn ọkùnrin méjì ní ilẹ̀ Faransé, Schloesing àti Müntz, ń wá ọ̀nà tí omi gọ́tà fi lè mọ́. Wọ́n rọ iyanrìn àti òkúta ẹfun lílọ̀ kún ọ̀pá gíláàsì gígùn kan, wọ́n wá ń da omi ìdọ̀tí sí i lórí díẹ̀díẹ̀. Amóníà, èyí tó máa ń ta sí wa nímú nínú ilé ìtọ̀, ló wà nínú omi náà. Nǹkan bí ogún ọjọ́ kọjá, bí amóníà ṣe wọlé náà ló ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di náítíréètì.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n fi òórùn klorofọ́ọ̀mù, èyí tí dókítà ìgbà náà fi ń kun aláìsàn lóorun, fẹ́ sí iyanrìn náà. Iṣẹ́ dúró gbọnin. Wọ́n gbé klorofọ́ọ̀mù kúrò, síbẹ̀ iṣẹ́ kò padà. Nígbà tí wọ́n da omi tí wọ́n fi ṣan erùpẹ̀ díẹ̀ sí i, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá hàn gbangba pé iyanrìn kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ayálégbé inú rẹ̀ ni, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹni tí àpótí rẹ̀ dàrú lónìí, inú ọ̀pá gíláàsì yẹn ló wà. Ogún ọjọ́ tí wọ́n fi dúró nígbà náà ni ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí à ń dúró báyìí, erùpẹ̀ díẹ̀ yẹn sì ni ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn ààyè tí à ń tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ọmọ Warington, tó ń jẹ́ Robert Warington bíi ti bàbá rẹ̀, gba iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí oko ní Rothamsted, ohun tó sì gbájú mọ́ níbẹ̀ ni kòkòrò wọ̀nyí. Ó fi hàn pé iṣẹ́ náà pín sí méjì: àwọn kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn mìíràn ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Ní 1890, Winogradsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Zürich, rí wọn yà sọ́tọ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá, Gayon àti Dupetit ní Faransé ti rí oríṣi kẹta, àwọn tó ń gbé ibi tí atẹ́gùn kò dé. Inú náítíréètì ni àwọn yẹn ti ń rí ọ́síjìn mí, tí náítírójìn á sì bọ́ lọ sójú ọ̀run.

Ìyẹn ni pé bí iyanrìn bá jìn, òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ rántí agbépóò ayé àtijọ́: ẹnìkan á palẹ̀ ẹ̀gbin mọ́ nínú ilé, ẹlòmíràn á gbé e kúrò láàárín ìlú pátápátá.

Láti Jàkáátà dé Mọ́nákò

Láti àwọn ọdún 1950, àwo oníhò tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe dé sábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ nínú àpótí. Atẹ́gùn á máa fa omi gba inú òkúta náà kọjá. Amóníà ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí atẹ́gùn kò fi ibì kankan sílẹ̀, oríṣi kẹta tí mo wí kò ríbi gbé. Náítíréètì ń pọ̀, ìdọ̀tí ń há sáàárín òkúta. Ẹja lè fara dà á. Iyùn kò lè ṣe é.

Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Jàkáátà ní Indonéṣíà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn ẹlẹ́ja pé òun kò lo àwo kankan. Òkúta tó kó láti inú òkun pẹ̀lú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà lára rẹ̀, iyanrìn, omi òkun, oòrùn àti atẹ́gùn díẹ̀ tó ń hó nínú omi, ó parí. Àwọn tó wà létí òkun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jìnnà sí òkun, níbo ló ti fẹ́ rí òkúta ààyè lásìkò yẹn?

Láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1980, àwọn ará Bẹ̀líìnì gba òkúta ààyè yẹn, wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ń mú omi hó bí omi ọṣẹ tì í lẹ́yìn, kí ìdọ̀tí máa bá hóhò náà jáde. Iyanrìn wọn kò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi máa parí, Jean Jaubert ní Mọ́nákò gba ọ̀nà mìíràn: iyanrìn nínípọn lórí pẹpẹ oníhò, tí omi tó dúró jẹ́ẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Ronald Shimek àti Rob Toonen ní Amẹ́ríkà ní kí iyanrìn lúbúlúbú jìn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ekòló òkun àti àwọn ẹranko wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún 21 wọlé, àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣáláńgá lásán ni gbogbo rẹ̀, wọ́n gbá iyanrìn dà nù, wọ́n fi ìdí gíláàsì sílẹ̀ gbalaja.

Èwo wá ni ká mú?

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí iyanrìn àtijọ́. Nígbà tí àpótí dàrú, kì í ṣe ẹja nìkan ló kú. Púpọ̀ nínú àwọn ayálégbé inú iyanrìn bá a lọ. Bí ẹ bá rò ó, tó dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, májèlé ni yẹn, ẹ má dá a padà. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ẹ ti sọ ọ́ di òkú iyanrìn. Kò fi nǹkan kan sàn ju tuntun lọ. Bí wọ́n bá sì ti fi òògùn tó ní bàbà nínú tọ́jú ẹja nínú àpótí náà rí, ẹ dà á nù láìwẹ̀yìn, nítorí bàbà máa ń wọ̀ ọ́ lára, ó sì ń pa iyùn.

Nípa oríṣi, èyí tí wọ́n ń tà jù ni árágónáìtì. Ìbátan òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ńtì ni. Àwọn òǹtajà máa ń sọ pé ó ń yòrò fi bọ́ iyùn. Nínú omi òkun gidi, kì í yòrò. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí ásíìdì bá ti ń gbára jọ nìkan ló ti ń yòrò díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ti ìdí bẹ́ẹ̀ ná owó tí kò sí.

Hóró rẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá tóbi bí òkúta wẹ́wẹ́, ìdọ̀tí á máa jábọ́ sáàárín rẹ̀. Bí ó bá kéré ju mìlímítà kan lọ, ìdọ̀tí á dúró sókè níbi tí akàn àti ìgbín á ti rí i jẹ. Àmọ́ bí ìṣàn omi bá le, á gbá a káàkiri bí ọyẹ́.

Jíjìn rẹ̀ ló ṣòro jù. Ìpele tó jìn ń fẹ́ ayálégbé púpọ̀, ó ń fẹ́ ọdún, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rò ó. Àìdà rárá rọrùn láti gbá, ṣùgbọ́n àwọn ẹja kan wà tó jẹ́ inú iyanrìn ni wọ́n ń rì sí sùn; ìyà á jẹ àwọn yẹn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú òfò bọ̀, iyanrìn lúbúlúbú tuntun, sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, ló bá a mu. Ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé kó jáde bí wàhálà bá tún dé. Kó wá tọrọ ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú àpótí tí ara rẹ̀ le, kó dà á sí i. Kó dúró, kó máa yẹ omi wò, kó má fi ẹja kankan sí i títí amóníà àti náítíráìtì á fi tán pátá. Iyanrìn tó dára jù lọ́jà, òkú ló jẹ́ títí ohun ẹlẹ́mìí á fi gbé inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá eré àwọn olówó. Ní 2014 àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa iyùn lẹ́bàá Miami ní Flọ́rídà. Láti 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí àrùn kò tíì ràn kúrò nínú òkun lọ sínú àpótí omi ní oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ jákèjádò Amẹ́ríkà, kí irú wọn má baà run. Ní 2023, òkun ibẹ̀ gbóná débi pé wọ́n tún ń gbé iyùn sá gòkè wá sórí ilẹ̀. Bí irú àpótí bẹ́ẹ̀ bá dàrú, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun tó bá bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe àṣejù kí èèyàn béèrè irú iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ omi, àti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.