Láti Aláwìíyé dé Igbó Irúnmọlẹ̀: Yíyan Ìtàn Àròsọ fún Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Ọmọ tí ó bá ti ka ìwé Aláwìíyé bí ó ti yẹ ti kúrò ní ẹni tí a ń kọ́ ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kò tíì di òǹkàwé. Ibi tí ó dúró sí yìí, láàárín ìwé tí a fi ń kọ́ni àti ìwé tí ènìyàn ń fúnra rẹ̀ kà, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ìbéèrè tí olùkọ́ rẹ̀ ní láti dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ìtàn àròsọ wo ni agbára rẹ̀ ká, tí kò sì ní sú u? Bí olùkọ́ bá ṣì í yàn, ọmọ náà kò ní pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa fi ìwé sílẹ̀, títí ohun tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ yóò fi di ìgbàgbé.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti kọ ohun púpọ̀ nípa ìwé D. O. Fágúnwà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà. Díẹ̀ ni ó wà nípa ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi lé ọmọ lọ́wọ́ nínú kíláàsì. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìpele ìwé kò sí nínú ìwé nìkan. Ìwé lè dúró sí ojú kan kí ilé-ẹ̀kọ́ yí padà lábẹ́ rẹ̀, kí ohun tí ó rọrùn fún ọmọ àná sì di òkè fún ọmọ òní. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ nìyẹn.

Ìlú méjì àti èdè ìwé

Kò sí ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí bí kò ṣe Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1855 ni àwọn oníṣẹ́ ìránṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù wọn sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1898. Ní 1896 ni Ìjọ C.M.S. gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ wọn wá sí Ọ̀yọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew. Láti inú ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ni àwọn olùkọ́ àti oníwàásù ti ń tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni ó sún mọ́ èdè ìwé jù lọ. Èyí kò ṣàjèjì, nítorí pé ọmọ Òṣoògùn ni Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ odindi Bíbélì Yorùbá tí ó jáde ní 1884. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó bá ṣí ìwé bá ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Ọmọ Èkìtì tàbí ti Ìjẹ̀bú, ní tirẹ̀, ní láti kọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ó tó kà á. Bí ìwé kan bá wá le fún ọmọ Ọ̀yọ́ láti kà, a kò lè sọ pé ẹ̀ka-èdè ni ó fà á.

Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti kà? Ṣáájú 1930, Bíbélì, ìwé orin, ìwé ábídí àti Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, tí David Hinderer túmọ̀ láti inú ìwé John Bunyan, ni ó pọ̀ jù. Ní 1930, ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas ti ń gbé jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Èkó di ìwé. Èdè rẹ̀ kò le. Ọmọ ìwé kẹfà lè kà á láì kọsẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn ayé obìnrin oníṣekúṣe ni, kò sì sí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tí yóò fi lé ọmọdé lọ́wọ́. Níhìn-ín ni ó ti kọ́kọ́ hàn pé nǹkan méjì ni ìpele èdè àti ìpele ọ̀rọ̀ inú ìwé. Wọn kì í sábà rìn pọ̀.

Ìwé tí olùkọ́ àwọn ọmọdé kọ

Fágúnwà kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew láti 1926 sí 1929. Láti 1930 títí di 1939, ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka jẹ́lé-ó-sinmi ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew ní Ọ̀yọ́ kan náà. Àárín àkókò yìí ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ fún ìdíje ìwé kíkọ, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì gbé e jáde ní 1938. Ó yẹ kí a fi ọkàn sí èyí dáadáa. Ẹni tí ó kọ ìwé tí èdè rẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú àwọn àgbà. Ojoojúmọ́ ni ó ń bá àwọn ọmọ kéékèèké lò.

Ìmọ̀ yìí hàn nínú bí ó ṣe to ìtàn rẹ̀. Àkàrà-Ògùn ń sọ, akọ̀wé ń kọ, ilẹ̀ ṣú, ó dìde lọ, ní ọjọ́ kejì ó padà wá, àwọn ènìyàn sì ti péjọ láti gbọ́. Bí àlọ́ ṣe ń rí ní agbo ilé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ olùkọ́ tí ó ní láti dá ìtàn dúró nígbà tí agogo bá lù. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méje tí Ìràgbèje kọ́ àwọn ọdẹ pẹ̀lú ṣeé pín sí wákàtí ìwé kíkà láìsí ìyọnu.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn inú ìwé náà kò kéré. Ọ̀rọ̀ a máa wọ́ lé ọ̀rọ̀, òwe a máa tẹ̀lé òwe, gbólóhùn kan sì lè gba ìlà púpọ̀ kí ó tó dúró. Etí ọmọ tí ó ń gbọ́ rárà àti ẹ̀sà lójú agbo gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìní ìṣòro. Ojú ọmọ tí ó ń fi ìka tọ ìlà ni kò tíì lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Fágúnwà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀, nítorí òun náà ni ó bá L. J. Lewis kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìwé kíkà oníkíláàsì, nígbà tí ó yá. Ẹni tí ó kọ́lé sórí òkè ti rí i pé a nílò àtẹ̀gùn.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe yí padà lábẹ́ ìwé

Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ jáde, ọdún mẹ́jọ ni ọmọ ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá dé òpin rẹ̀ ti sún mọ́ ọdún mẹ́rìnlá, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Ní àkókò kan náà, ọdún mẹ́jọ di mẹ́fà.

Ohun ìyìn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí, kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe sí ìwé kíkà kò gba àfiyèsí tó. Ìwé tí a ti ń rò pé ó yẹ àwọn kíláàsì òkè di ìwé tí ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá ń bá pàdé. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó yí padà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ti ga sí i ní ọdún méjì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tuntun yìí sì jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ àti oníṣòwò tí kò sí ìwé kankan ní ilé wọn.

Àyípadà kejì wá láti inú àkọtọ́. Ìgbìmọ̀ tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yàn ní 1966 jábọ̀ ní 1969, ìlànà tuntun sì gba àṣẹ fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní 1974. Ọmọ tí a kọ́ pé kí ó kọ “ayé” àti “ènìyàn” ń bá “aiye” àti “enia” pàdé nínú ẹ̀dà ìwé àtijọ́. Ìwé àtijọ́ kì í sì í fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá rí “ọkọ” láìlámì, ó ní láti mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Àgbà kò ní dúró rò ó. Ọmọ ní láti dúró, ìdúró púpọ̀ sì ń pa adùn ìtàn.

Àyípadà kẹta ni ó burú jù. Ìlànà tí ó gbilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò láti ìwé kẹrin. Èyí túmọ̀ sí pé ọdún tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní agbára láti ka ìtàn gígùn ní Yorùbá gan-an ni Yorùbá di iṣẹ́ kan ṣoṣo lára ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Àwọn òbí tí ó fara mọ́ ọn ní ìdí wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, òun náà sì ni èdè iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lọ sí girama, tí ó padà sí oko tàbí ìdí iṣẹ́ ọwọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti pàdánù lápá méjèèjì: Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó ìwé kà, kò sì sí ìwé Yorùbá tí ó mọ́ ọn lára.

Ìwé àárín

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. J. F. Ọdúnjọ, olùkọ́ tí ó tún di mínísítà ní Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni ó ti mọ èyí jù lọ. Ìwé Aláwìíyé rẹ̀ ń gbé ọmọ láti orí ábídí lọ sórí ọ̀rọ̀, láti orí ọ̀rọ̀ lọ sórí ìtàn kúkúrú àti ewì. Ní 1964 ó gbé ìtàn àròsọ méjì jáde, Kúyẹ̀ àti Ọmọ Òkú Ọ̀run. Kúyẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin odi tí kò gbọ́rọ̀, tí ìyà sì ń jẹ lọ́wọ́ ẹbí. Orúkọ ìwé kejì fi hàn fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ aláìlóbìí ni.

Ohun tí ìwé méjèèjì ṣe ni pé wọ́n fi ọmọdé ṣe ẹni tí ìtàn dá lé. Ìyà inú wọn jẹ́ èyí tí ọmọ mọ̀ ní agbo ilé. Gbólóhùn wọn kúrú ju ti Fágúnwà lọ, ṣùgbọ́n èdè wọn kò di ti ọmọ ọwọ́. Ọ̀nà tí ó ti Aláwìíyé lọ sí Igbó Irúnmọlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní afárá, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí Ògbójú Ọdẹ jáde.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́, tún fi hàn ní 1969 pé kì í ṣe gbogbo ìwé tí ó yára ni ó jẹ́ ti ọmọdé. Àjà Ló Lẹrù dùn, ìjíròrò inú rẹ̀ sì dà bí ti ojà àti ti òpópó, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀daràn àti ìbọn ni Lápàdé ń bá kiri. Olùkọ́ tí ó bá fi gígùn gbólóhùn nìkan díwọ̀n ìwé yóò fi Àjà Ló Lẹrù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, yóò sì gba Ògbójú Ọdẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ṣì í lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà tí ó yẹ ni kí olùkọ́ ní òṣùwọ̀n méjì lọ́wọ́: ohun tí ojú ọmọ lè dá kà, àti ohun tí etí rẹ̀ lè gbà bí a bá kà á fún un. Kúyẹ̀ yóò wà ní ọwọ́ ọmọ, Ògbójú Ọdẹ yóò sì wà ní ẹnu olùkọ́, títí ojú yóò fi bá etí.

Ìgúnlẹ̀

A ti dán an wò rí pé kí Yorùbá má ṣe dúró ní ìwé kẹta. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n A. Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Modákẹ́kẹ́, ní agbègbè tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1976 títí di 1991. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àbájáde tí àwọn olùṣèwádìí náà tẹ̀ jáde fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà; ní 2025, wọ́n fagi lé ìlànà náà.

Ìtàn tí a tò sókè yìí fi hàn pé kì í ṣe ìwé rere ni ó wọ́n àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọ̀yọ́ ni a ti kọ ọ̀kan nínú ìwé ìtàn àròsọ tí ó lókìkí jù lọ ní èdè Yorùbá, olùkọ́ àwọn ọmọdé ni ó sì kọ ọ́. Ohun tí ó wọ́n wọn ni ìwé àárín, àti ọdún díẹ̀ sí i láti kà á. Ìwé àárín ti ń dé láti 1964. Ọdún náà ni àwọn tí ó ń ṣètò ẹ̀kọ́ kò tíì dá padà fún wọn.